Kí Ẹ Tó Ra Adìyẹ Kan Ṣoṣo ní England

Ní Mushin tí wọ́n ti bí mi, ẹ̀yìnkùlé wa kì í ṣàìní adìyẹ. Èèpo iṣu àti ẹ̀kọ àná la máa ń dà fún wọn, kò sẹ́ni tó ń bi wá léèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Èkó lọ England, tí ẹ ó bá ilé tó ní àyè lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi: níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjọba ni ẹran ọ̀sìn yín.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹni tó bá ń sin adìyẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ APHA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìlera ẹran, ìbáà ṣe ẹyọ kan péré. Tí bird flu, àrùn tó máa ń pa adìyẹ àti ẹyẹ, bá bẹ́ sílẹ̀, wọ́n lè pàṣẹ pé kí ẹ sé wọn mọ́lé.

Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó ti gba nọ́ńbà fún ilẹ̀ yín kí ẹran tó dé, CPH ni wọ́n ń pè é. Ẹran náà á ní àmì létí, ìwé á sì tẹ̀lé e.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu ni ti èèpo iṣu. Ohun tó bá ti wọ ilé ìdáná tí ẹ ti ń se ẹran, ẹ ò gbọdọ̀ dà á fún adìyẹ mọ́. Èmi náà ní ó ti le jù, àfìgbà tí mo mọ ohun tó bí i. Lọ́dún 2001, àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu, tó máa ń mú màlúù, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, wọ ìlú náà. Àjẹkù tí wọn ò sè bó ṣe yẹ, tí wọ́n fún ẹlẹ́dẹ̀ jẹ, ni ìwádìí ìjọba tọ́ka sí. Ẹran tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n pa. Ẹ fojú inú wo darandaran tó dúró tí wọ́n ń dáná sun agbo rẹ̀.

Nítorí irú àrùn bẹ́ẹ̀ tó lè bá ẹran wọlé, ẹ má di ẹran sẹ́rù. Pọ̀nmọ́ tí mo rà ní Oyíngbò, ìwé ìròyìn mẹ́ta ni mo fi wé e. Aṣọ́bodè obìnrin kan wọ ìbọ̀wọ́, ó tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó o sínú àpò ìdọ̀tí níṣojú mi.

Nígbà Iléyá, ẹ má dúńbú àgbò nílé. Odò ẹran tó níwèé àṣẹ ni kí ẹ lọ.

Bí adìyẹ yín bá ń kú léraléra, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á. Ẹ pe APHA lọ́jọ́ náà gan-an.