Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tí Ó Ń Wá Kristi Láàrin Àwọn Tí Ìyà Ń Jẹ

Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí lítà epo kan sì fò láti nǹkan bí 190 náírà sí ohun tí ó lé ní 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó ṣòro kí n dé ìjọ kan ní Ìbàdàn kí n má bá ẹgbẹ́ àánú tuntun níbẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ń dá owó jọ, àwọn ìyá ìjọ ń kó aṣọ jọ, Mátíù orí 25, níbi tí Kristi ti ní ohun tí a bá ṣe fún ẹni tí ebi ń pa, aláìsàn tàbí ẹlẹ́wọ̀n, òun ni a ṣe é fún, sì wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìbẹ̀wò sí ilé ìwòsàn àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ohun tí mò ń rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí sì ń bí mi nínú. Owó ń ṣòfò, ojú ń ti aláìní, àwọn tí ó lọ wá Kristi sì ń padà wálé láìrí i, nítorí wọ́n gbà pé àwọn ni àwọn gbé e lọ fún àwọn tí ìyà ń jẹ. Ó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé. Àìmọ èyí ni ó bí gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí.

1. Ẹ má ṣe dúró de ìran. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn máa ń ti wọ́ọ̀dù bọ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì, wọn a ní òórùn oògùn nìkan ni àwọn gbọ́, pé àwọn kò bá Olúwa pàdé. Ẹ tún orí 25 yẹn kà. Àwọn olódodo béèrè pé nígbà wo ni àwọn rí i tí ebi ń pa á. Àwọn tí a lé lọ náà béèrè ohun kan náà. Ọ̀wọ́ méjèèjì ni kò dá a mọ̀. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju pé àwọn kan gbé oúnjẹ fún un, àwọn kejì kò gbé e. Martin ará Tours, ọmọ ogun Róòmù ní ọ̀rúndún kẹrin, pàdé alágbe kan tí kò rí aṣọ bora ní ẹnubodè ìlú Amiens lákòókò òtútù. Ó fi idà gé aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ sí méjì, ó sì fún ọkùnrin náà ní ìdajì. Alágbe lásán ni ó rí lẹ́nubodè. Òru ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ti sọ ọ́, ni ó tó lá àlá pé Kristi ni ó wọ ìdajì aṣọ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kò tíì ṣe ìrìbọmi fún un nígbà yẹn. Bí ó bá ní kí òun kọ́kọ́ rí Kristi kí òun tó fa idà yọ, òtútù ì bá ti ṣe alágbe náà léṣe.

2. Ẹ má ṣe máa yan ẹni tí ó yẹ ní àánú. Olúwa sọ pé òun wà nínú túbú. Kò sọ pé túbú tí wọ́n ju aláìṣẹ̀ sí. Mo ti rí ẹgbẹ́ kan tí ó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí ó ní kí wọ́n kó àwọn tí kò jalè jáde fún òun. Wàyí o, ó ju ìlàjì àwọn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa lọ tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá, nítorí náà ta ni ó fẹ́ ṣa wọn? Ẹni tí inú ń bí náà wà lára wọn, ẹni tí yóò gba ọṣẹ lọ́wọ́ yín tí kò ní dúpẹ́ náà wà lára wọn, ẹni tí ó purọ́ fún yín lánàá náà sì tún wà níbẹ̀ lónìí.

3. Ẹ má ṣe bi aláìsàn léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá. Jòhánù orí 9 ti parí ọ̀rọ̀ náà: Jésù ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú tàbí ti àwọn òbí rẹ̀ ni ó fọ́ ọ lójú.

4. Ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Èyí gan-an ni ó jẹ́ kí n mú kálámù.

Mo ti jókòó nínú ìpàdé ibi tí akápò ti ka ìnáwó ìbẹ̀wò Kérésìmesì, tí owó tí ó bá bánà, fìlà, ẹ̀wù ẹgbẹ́, àpò tí a tẹ orúkọ ìjọ sí àti ayàwòrán lọ sì ju èyí tí ó bá ìrẹsì lọ. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní kí a pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin ará mi, owó ọrẹ ni. Nínú rẹ̀ ni ìdá mẹ́wàá ìyá tí ó ń ta ẹ̀kọ wà.

Ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ ní ilé ìwòsàn kan, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé bí mo ti wà níbẹ̀. Bánà ni ó ṣáájú. Wọ́n ń lọ láti orí ibùsùn dé orí ibùsùn, wọ́n ń gbé àpò lé abiyamọ lọ́wọ́, ayàwòrán á ní kí ó wo òkè. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fa ìró bo ojú. Ayàwòrán náà kò fi ìkanra ṣe é, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́, ó sì rọra fa ìró náà wálẹ̀ kí ojú lè hàn. Ó yà á. Wọ́n kọrin díẹ̀, wọ́n kọjá sí wọ́ọ̀dù kejì. Nígbà tí mo jókòó tì í, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bùrọ̀dá yẹn kí wọ́n má gbé fọ́tò mi jáde. Àwọn àna mi rò pé ara ọmọ ni kò tíì yá. Wọn ò mọ̀ pé owó ni.” Dókítà ti ní kí ó máa lọ sílé, gbèsè ilé ìwòsàn ni ó dá a dúró. Nínú àpò tí wọ́n gbé lé e lórí ẹsẹ̀ ni kóńgò ìrẹsì kan wà, èyí tí kò ní ibi tí yóò ti sè é.

Mo lọ bá olórí wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, ó ní kí wọ́n pa àwòrán náà rẹ́ lójú mi. Nígbà tí mo bi í ní iye tí wọ́n fi rán aṣọ tí ó wà lọ́rùn wọn, ó sọ fún mi, ó sì ju iye tí ó kù lọ́rùn ọmọbìnrin náà lọ. Kò mọ̀, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó bi nọ́ọ̀sì léèrè ohunkóhun. Ó wá ní, “Mà, àwọn tí ó dá owó fẹ́ rí ẹ̀rí.” Èyí ni àwíjàre tí mo máa ń gbọ́ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀. Rìsíìtì ni ẹ̀rí. Ẹ ya àwòrán àwọn àpò ìrẹsì ní gbọ̀ngàn ìjọ kí ẹ tó gbé wọn jáde. Ẹ jẹ́ kí olórí nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí ìwé ohun tí ẹ gbé wá. Bí ẹ bá san gbèsè ènìyàn, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ní ibi ìsanwó ilé ìwòsàn, kí ẹ bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fi í han ìjọ. Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, tí ó jẹ́ ojú aláìní ni ó fẹ́ fi owó rẹ̀ rà, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un.

Bí a bá sì gba ọ̀rọ̀ Mátíù yẹn gbọ́ ní tòótọ́, ta ni wọ́n fa aṣọ kúrò lójú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yẹn? Wọ́n ti bọ́ aṣọ Jésù lójú gbogbo ayé rí, ní Gọ́lígótà, àwọn tí ó sì ń kọjá lọ dúró wò ó. N kò fẹ́ kí a jẹ́ ìjọ tí yóò tún un ṣe, kí á tún wá gbé e sórí Facebook.

Ó tún ku èyí tí ó bá àwòrán tan: ìfẹ́ láti pe èrò rẹpẹtẹ jọ kí ìrànlọ́wọ́ lè dà bí ohun ńlá. Ẹ rántí oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ní ọjọ́ 18, ọmọdé 35 ni ó kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ọgbà ilé-ìwé kan ní Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn wa níhìn-ín. Nígbà tí ó di ọjọ́ 21, ènìyàn 22 kú ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, 10 sì kú ní ọgbà ìjọ Kátólíìkì kan ní Maitama, Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń dúró de oúnjẹ. Ebi ni ó lé wọn jáde nílé, inú rere ni ó sì pè wọ́n. Ẹ má ṣe kéde ìpínfúnni lórí rédíò. Ẹ fi òpópónà pín iṣẹ́ láàrin ara yín, ẹ gbé oúnjẹ lọ sí ojúlé, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tò sórí ìlà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí a tì. Ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn ilé opó yóò rí bí ó ti ń gbé, yóò mọ̀ bóyá òrùlé ń jò, èyí tí kò lè mọ̀ láé bí ó bá dúró sórí pèpéle tí ó ń fi ọwọ́ pe nọ́ńbà.

Òmíràn ni ríra ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Bátíméù fọ́jú, gbogbo ará Jẹ́ríkò ni ó mọ̀, síbẹ̀ Jésù dúró bi í pé kí ni ó fẹ́ kí òun ṣe fún un. Àwa kì í béèrè. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, aláìsàn ni ó ń ra ìbọ̀wọ́ tí dókítà yóò wọ̀, òwú, abẹ́rẹ́ àti omi ìfàsára. Ó lè jẹ́ owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti ìjẹta. Búrẹ́dì ni àwa ń kó lọ fún ẹni tí dókítà ti ní kí ó má jẹun. Ẹ kọ́kọ́ rán ẹni méjì lọ, láìmú nǹkan kan dání, kí wọ́n bá olórí nọ́ọ̀sì àti ọ́fíìsì tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìní ní ilé ìwòsàn náà sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì jókòó ti àwọn aláìsàn fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. A máa ń kó kéèkì àti ohun mímu lọ ní ọjọ́ Àjíǹde, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí adájọ́ ti ní kí wọ́n san owó ìtanràn kí wọ́n máa lọ sílé, tí wọn kò sì rí ẹni tí yóò san án. Ẹ béèrè irú wọn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ń mójútó ìgbáyégbádùn wọn, ẹ ka ìwé ilé ẹjọ́, ẹ san owó náà ní ilé ẹjọ́ fúnra yín. Ẹ má ṣe gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ pé kí ó bá yín san án. Ẹ fi owó ọkọ̀ ilé kún un.

Ẹ má ṣe wàásù fún ẹni tí ebi ń pa kí ó tó jẹun tán.

Àṣìṣe lílọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná nìkan kò kéré. Ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ta ni kò fẹ́ ran Ọ̀wọ̀ lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ìbọn àti ti àdó olóró kì í jiná ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí ó sì pàdánù ẹsẹ̀ yóò nílò ìtọ́jú fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn tí gbogbo mọ́tò àlejò bá ti padà. Ará Samáríà inú Lúùkù orí 10 mọ èyí. Ó di ọgbẹ́ tán, ó gbé ọkùnrin náà dé ilé èrò, ó san owó fàdákà méjì, ó wá sọ fún onílé èrò pé ohunkóhun tí ó bá ná lé e, òun yóò san án nígbà tí òun bá padà dé. Ẹ fi apá kan owó yín pa mọ́ de ìpadàbọ̀ yẹn. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìbẹ̀wò kẹta tàbí ẹ̀kẹrin ni àwọn ènìyàn tó máa ń sọ ohun tí ó ń dùn wọ́n gan-an, ìgbà yẹn sì ni àwa náà máa ń kọ́ àdúrà lẹ́nu wọn.

Èyí tí ó kù wà nínú ọgbà ìjọ fúnra rẹ̀. Jákọ́bù orí 5 sọ pé owó ọ̀yà àwọn alágbàṣe tí a kò san ń ké, Olúwa sì ti gbọ́ igbe náà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà, mo sì mọ àwọn ìjọ tí kò san ìdajì rẹ̀ fún ọlọ́dẹ tí ó ń ṣọ́ ìrẹsì aláàánú mọ́jú, tí wọ́n tún jẹ ẹ́ ní owó oṣù méjì. Kò ní gba ìrẹsì náà, nítorí wọ́n ní òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe aláìní. Kí ìgbìmọ̀ àánú yín tó jókòó lórí ìbẹ̀wò Kérésìmesì tí ń bọ̀, kí akápò kọ́kọ́ gbé ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ wá sórí tábìlì, kí a sì san gbogbo gbèsè tí ó wà nínú rẹ̀ tán kí a tó ra kóńgò ìrẹsì kan.