Kóòṣì ni àbí agbábọ́ọ̀lù? Àṣìṣe tí a máa ń ṣe bí a bá ń pín ẹ̀bi àti ìyìn

Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, tí Nàìjíríà àti Ivory Coast ń gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí mo wà pa lọ́lọ́. Troost-Ekong ti kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún wa. Kessié dá a padà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Adingra gba ọwọ́ òsì wọlé, ó gbé bọ́ọ̀lù síwájú ilé, Haller na ẹsẹ̀ ṣáájú Troost-Ekong, ó di 2-1. Ivory Coast tí a ti fi 1-0 nà nínú ìsọ̀rí gba ife mọ́ wa lọ́wọ́. A ò tíì dìde tí ọkùnrin iwájú mi fi pariwo pé: "Ẹ ò rí i? Wọ́n lé kóòṣì, wọ́n gba ife. Ẹ jẹ́ ká lé tiwa náà!"

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Lóòótọ́ ni wọ́n yọ Jean-Louis Gasset lẹ́yìn tí Equatorial Guinea fi 4-0 lù wọ́n, tí Emerse Faé, igbákejì rẹ̀, sì fi àwọn ọmọ kan náà gba ife. Àmọ́ kóòṣì nìkan kọ́ ló yí padà. Haller gbé ìpalára wá sí ìdíje ni, ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yá lẹ́yìn náà ni. Ipò kẹta ni wọ́n sì wà nínú ìsọ̀rí wọn: ká ní Mòrókò ò borí Zambia ni, wọn ì bá ti di òǹwòran nílùú ara wọn. Faé ṣe gudugudu méje, mi ò ní fi dù ú. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé gbogbo ìyìn fún ẹnì kan, wo ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ má sì wá sọ pé kóòṣì kò já mọ́ nǹkan kan torí pé kì í wọ pápá. Ní ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2013, kóòṣì wa, Stephen Keshi, fi àwọn olórúkọ ńlá kan sílẹ̀, ó mú Sunday Mba láti líìgì abẹ́lé. Mba ló jẹ góòlù tó lé Ivory Coast ti Drogba àti Yaya Touré lọ sílé, òun náà ló jẹ ẹyọ kan ṣoṣo tí a fi borí Burkina Faso nínú àṣekágbá. Ẹsẹ̀ Mba ni, ojú Keshi ló rí i.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń gbàgbé àwọn aláṣẹ àjọ bọ́ọ̀lù tó jókòó sí ọ́fíìsì. Keshi kan náà ló kó Tógò dé ife àgbáyé 2006, tí Adebayor jẹ góòlù 11 lójú ọ̀nà. Wọ́n yọ Keshi kí wọ́n tó dé Jámánì, wọ́n fi Otto Pfister rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, ìjà owó àjẹmọ́nú bẹ́ sílẹ̀ láàárín agbábọ́ọ̀lù àti àjọ, Pfister bínú lọ, ó tún padà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé agbábọ́ọ̀lù la fẹ́ bá wí ni, àbí kóòṣì?

Àwa náà yọ Gernot Rohr ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tí ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. A na Íjíbítì, inú wa dùn, a ní a ti rí ojútùú. Túnísíà lé wa jáde. Ní oṣù Kẹta, Gánà gba ọ̀mì 1-1 ní Àbújá, góòlù tí wọ́n jẹ nílé wa yẹn ló sì gbé wọn lọ sí ife àgbáyé ní Qatar. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ kóòṣì, ẹ ṣe é nígbà tí ẹni tuntun máa rí oṣù bíi mélòó kan bá àwọn ọmọ náà gbé pọ̀.