Bí Mo Ṣe Yan Katiríìjì Tí Agbára Rẹ̀ Kò Ju Ti Ìbọn Lọ

Àbúrò bàbá mi kan tí wọ́n ń ṣọdẹ ní agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì ní ìbọn olójú méjì tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá sì pé pérépéré. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra katiríìjì tuntun, ìyẹn àpò kékeré tí a di ẹ̀tù àti ọta pọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n ní kí n bá wọn yẹ ọjà náà wò, nítorí pé oríṣi méjì ni ẹni tí ń tà á gbé síwájú wọn: a kọ 65 mm sára ọ̀kan, a sì kọ 76 mm sára èkejì. Ti 76 mm ni ó wu Bàbá, nítorí pé ọta inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìbọn ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe katiríìjì. Mo ṣí i, mo yọjú wo ihò méjèèjì láti rí i dájú pé kò sí ohunkóhun nínú wọn, mo yọ igi tí ó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, mo sì fi aṣọ tí epo díẹ̀ wà lára rẹ̀ nu ìdọ̀tí tí ó ti bo irin. Àwọn òǹtẹ̀ tí mo ń wá yọ síta níbẹ̀: 12, 2½, 3 TONS, àti lẹ́tà BNP tí adé wà lókè rẹ̀. Láti ọdún 1954 ni ilé ìdánwò ìbọn ti Birmingham ti ń lu BNP sára ìbọn tí wọ́n ti fi ẹ̀tù òde òní, èyí tí èéfín rẹ̀ kò pọ̀, dán wò. 12 ni nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí ihò ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó. 2½ ni gígùn ihò tí katiríìjì ń jókòó sí ní íǹṣì, èyí tí ó jẹ́ 65 mm. 3 TONS sì ni ìfúnpá, ìyẹn ipá tí gáàsì ẹ̀tù fi ń ti ara ọ̀pá ìbọn láti inú, tí a gbà pé ìbọn náà lè máa fara dà lójoojúmọ́. Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ kì í ní irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí ó lè gbà.

Bàbá ti katiríìjì 76 mm kan bọ ihò náà, ó sì wọlé wọ́ọ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó wọlé, kí lo tún ń wá?”

Ibẹ̀ gan-an ni ewu náà fara pamọ́ sí. Gígùn tí a kọ sára katiríìjì kì í ṣe gígùn rẹ̀ nígbà tí ó wà nínú páálí. Gígùn tí yóò ní lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín tí ẹnu rẹ̀ tí a ká pọ̀ ti ṣí tán ni. Katiríìjì 76 mm tí a kò tíì yìn kúrú tó láti wọ ihò 65 mm láìsí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bí a bá yìn ín, ẹnu rẹ̀ yóò ṣí wọ ibi tí ihò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún, ọ̀nà yóò há mọ́ ọta, ìfúnpá yóò sì ga ju ohun tí a dán ìbọn náà wò fún. Ní Amẹ́ríkà, àlà kan náà, 11,500 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìfúnpá), ni wọ́n fi lélẹ̀ fún katiríìjì 12 tí ó jẹ́ 2¾ íǹṣì àti èyí tí ó jẹ́ 3 íǹṣì, ìyẹn 76 mm. 3½ íǹṣì ni ó ga dé 14,000. Nítorí náà, gígùn nìkan kọ́ ni ó ń sọ katiríìjì di alágbára. Ihò tí a fi í sí ni ó ń bá a ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ nínú ìbọn ìléwọ́, èyí tí òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 kà mọ́ èyí tí a kà léèwọ̀. Ọta 9 mm lásán ní àlà 35,000 psi, èyí tí a kọ +P sí, ìyẹn èyí tí ìfúnpá rẹ̀ ga ju ti lásán lọ, ní 38,500, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ara wọn kò yàtọ̀, tí àwọn méjèèjì yóò sì wọ inú ìbọn kan náà.

Mo tún ka ara páálí. Àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà Yúróòpù ní àlà 740 bar (bar ni ìwọ̀n ìfúnpá tiwọn) fún katiríìjì 12 lásán, àti 1,050 bar fún àwọn alágbára, tí a kì í fi sínú ìbọn tí a kò dán wò fún wọn. Mi ò gbìyànjú láti sọ 3 TONS yẹn di bar tàbí psi, nítorí pé ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń wo bí irin kékeré kan ṣe tẹ̀ tó, kì í fún ni ní iye kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ òde òní. Ẹni tí ó bá kàn fi ìṣirò yí i padà yóò ṣi ara rẹ̀ lọ́nà.

Ti 65 mm ni a rà, 28 gíráàmù ọta. Bàbá kùn díẹ̀ pé ó kéré, ṣùgbọ́n èyí tó fún òyà, kò sì ní gbá èjìká wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú àpò ọdẹ wọn, mo rí katiríìjì 20 méjì aláwọ̀ ìyeyè tí ẹnìkan fi ta wọ́n lọ́rẹ. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé katiríìjì 20, tí ó tín-ín-rín ju 12 lọ, máa ń yọ̀ wọ inú ọ̀pá ìbọn 12 kọjá, tí yóò há síwájú níbi tí ojú kò ti ní tètè rí i. Bí a bá wá fi 12 tì í lẹ́yìn tí a sì yìn ín, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.