Tòmátì inú ìgò tó lè pẹ́ láì sí iná NEPA, àti ìdí tí ata ò fi gbọ́dọ̀ bá a wọ inú ìgò

Ẹni tó bá ń ná ọjà Mile 12 l'Ékòó mọ̀ ọ́n, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tòmátì á pọ̀ rẹpẹtẹ, tó bá wá di ìgbà òjò apẹ̀rẹ̀ kan á gbówó lórí débi tí oníkálukú á sá lọ bá ti inú agolo. Firísà sì rèé, àfi ẹni tó lówó díísù. Torí ẹ̀ ni rírọ tòmátì sínú ìgò ṣe dáa, kò nílò iná kankan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán.

Àmọ́ tòmátì nìkan là ń sọ o, kì í ṣe ata lílọ̀ tí rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà ti wà nínú ẹ̀. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum, inú erùpẹ̀ ló ń gbé, oró ẹ̀ máa ń rọ èèyàn lápá lẹ́sẹ̀ títí táá fi dé ibi èémí, ẹ sì lè má rí i lójú, ẹ lè má gbọ́ òórùn ẹ̀. Èso ẹ̀, ìyẹn bí irúgbìn tó fi ń hù padà, kì í kú nínú omi híhó, bí 121°C ló ń fẹ́, omi tiwa níbí 100 ló ti ń hó torí etí òkun la wà. Kíkan ni ò jẹ́ kó hù. Tòmátì kan díẹ̀, ata àti àlùbọ́sà ò kan tó. Kòkòrò yìí ò tún fẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí náà àwọn tó ń da òróró lé ata lórí nínú ìgò tí wọ́n ń gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ilé ni wọ́n ń kọ́ fún un.

Ó yá. Ẹ ra èyí tó pọ́n tó ṣì le, èyí tó ti fọ́ kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wá ìgò tó nípọn àti ìdérí tuntun tó ní rọ́bà, ẹ wo àwọn onígò ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú omi gbígbóná. Ẹ ri tòmátì sómi híhó bí ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e sí omi tútù, èèpo ẹ̀ á bó fúnra ẹ̀. Ẹ gé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 5, kò sí òróró, kò sí magí, iyọ̀ ò pọn dandan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò rèé: nínú ìgò ìdajì lítà ẹ da ṣíbí ìjẹun 1 omi lẹ́mọ́nì sí i, ti lítà kan gba 2. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ni kẹ́ ẹ lò, ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ fún ò kan bákan náà. Ẹ rọ tòmátì sí i nígbà tó ṣì gbóná, ẹ fi àyè bí ìdajì ínǹṣì sílẹ̀ lókè, ẹ fi ọwọ́ ṣíbí tì í kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ nu ẹnu ìgò dáadáa, ẹ dé e, ẹ má fún un jù.

Ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ ìkòkò ńlá, ẹ to àwọn ìgò náà sí i, kí omi bo ìdérí ó kéré tán ínǹṣì 1. Ìgbà tó bá hó gan-an lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago: ìṣẹ́jú 35 fún ìdajì lítà, 45 fún lítà kan. Tí gáàsì bá tán láàárín (ó ń ṣẹlẹ̀!), tó bá tún hó ẹ kà á látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé wọn sórí aṣọ, kì í ṣe táìlì tútù torí wọ́n lè sán, ó di ọjọ́ kejì. Èyí tí àárín ìdérí ẹ̀ bá ń ta sókè tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, firíìjì ni kó lọ, ẹ sì tètè jẹ ẹ́. Àwọn yòókù á tó ọdún kan níbi tí oòrùn ò dé.

Ata ní tiẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sebẹ̀. Ìkòkò tó ń fọn fèrè tẹ́ ẹ fi ń se ẹran ò tó fún un, tẹ́ ẹ bá sì ṣí ìgò kan tó tu fọ́ọ̀ jáde, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ dà á nù tìgò-tìgò.