Bí A Ṣe Ń Dá Yanjú Ìbéèrè Ìṣeéṣe Inú Ìwé Láìsí Olùkọ́

Ẹni tó ń dá kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe, ìyẹn ìṣirò bí ó ti rọrùn tó pé kí nǹkan ṣẹlẹ̀, kì í sábà kọsẹ̀ nídìí ìṣirò gan-an, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju kíkà, ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ lọ. Ìdí kíka ìbéèrè ni wàhálà wà. Níwọ̀n bí kò ti sí olùkọ́ tí yóò dá a dúró, ó lè gba ọ̀nà òdì ṣe ogún ìbéèrè kí ó tó fura. Nítorí náà, kí ẹ tó wá fọ́múlà kankan, ẹ kọ gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ọgbọọgba ni wọ́n ṣe lè ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Àgbà onímọ̀ ìṣirò ni d'Alembert ará Faransé, síbẹ̀ ní ọdún 1754 ó kọ ọ́ pé bí a bá ju owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mejì, ìṣeéṣe pé orí yóò hàn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ 2/3. Ohun mẹ́ta ló kà: kí orí hàn ní jíjù àkọ́kọ́, kí ó hàn ní èkejì, tàbí kí ó má hàn rárá. Ṣùgbọ́n méjì ló pamọ́ sínú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kọ orí-orí, orí-ẹ̀yìn, ẹ̀yìn-orí àti ẹ̀yìn-ẹ̀yìn sílẹ̀ yóò rí i pé 3/4 ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè mìíràn. A ju dáìsì méjì, a sì gbọ́ pé, ó kéré tán, ọ̀kan fi 6 hàn. Kí ni ìṣeéṣe pé méjèèjì ni? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò yára sọ pé 1/6. Ẹ ya àpótí mẹ́fà ní ìbú fún dáìsì kan àti mẹ́fà ní òòró fún èkejì, kí ó pé 36, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kun gbogbo àpótí tí 6 wà nínú rẹ̀. Ìlà kan yóò wà ní ìbú, òmíràn ní òòró, wọn yóò sì pàdé ní igun. 11 ni àpótí tí ẹ kùn, kì í ṣe 12, nítorí a kò gbọdọ̀ ka ti igun lẹ́ẹ̀mejì. Àpótí igun yẹn nìkan ni 6 ti jẹ́ méjèèjì, nítorí náà 1/11 ni ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé dáìsì àkọ́kọ́ ni wọ́n dárúkọ, ìlà kan péré ni à bá kùn, 1/6 ì bá sì tọ̀nà. Ẹ máa fi ọ̀rọ̀ ara yín tún ìbéèrè kọ kí irú ìyàtọ̀ báyìí má baà bọ́ mọ́ yín lójú.

Nígbà tí ìdáhùn bá jáde, ẹ ti ọ̀nà náà dé òpin rẹ̀ láti dán an wò. Bí ẹnì kan bá ní ìṣeéṣe pé 6 yóò hàn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, nínú jíjù mẹ́rin ti dáìsì kan jẹ́ 4/6 torí pé ó ro 1/6 pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ bi í léèrè ohun tí jíjù mẹ́fà yóò jẹ́: ó di dandan kí 6 hàn, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣeéṣe pé kò ní hàn rárá ni kí a kọ́kọ́ wá, ìyẹn 5/6 ní ìsọdipúpọ̀ ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin, kí a yọ ọ́ kúrò nínú 1. Ó kù 671/1296, èyí tó lé díẹ̀ ní ìdajì.

Ẹ má ṣí ẹ̀yìn ìwé wo ìdáhùn kí ẹ tó kọ tiyín tán. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ má ṣe pa tiyín rẹ́. Ẹ wá gbólóhùn tí ẹ ṣì kà, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ìbéèrè náà ṣe lórí ìwé mìíràn láìwo ti tẹ́lẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá sì tíì gba ìdáhùn kan, ẹ ju dáìsì náà fúnra yín, bí àpẹẹrẹ dáìsì méjì ti ìṣáájú: nínú 360 jíjù, 6 yóò hàn ní nǹkan bí 110 ìgbà, méjèèjì yóò sì jẹ́ 6 ní nǹkan bí ìgbà 10.