Bí ẹ ṣe lè tọpasẹ̀ dífíṣọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kejì

Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí dífíṣọ̀n (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá tó ní ọ̀pọ̀ rẹ́jímẹ́ǹtì nínú) méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ẹ wo 71. Infanterie-Division, ìyẹn dífíṣọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ kọkànléláàádọ́rin. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní Hildesheim ní oṣù kẹjọ ọdún 1939, ó jà ní Verdun ní 1940, ó sì ṣègbé sí Stalingrad, níbi tí ọ̀gágun rẹ̀, Alexander von Hartmann, ti kú ní oṣù kìíní ọdún 1943. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n kó àwọn ẹlòmíràn jọ sábẹ́ nọ́ńbà yẹn, tí wọ́n sì padà rán wọn lọ sí Ítálì. Fáìlì méjì ni kí ẹ ṣí fún un.

Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn rẹ́jímẹ́ǹtì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó wá ohunkóhun. Ti 71 ni 191, 194 àti 211. Títí di oṣù kẹwàá ọdún 1942, Infanterie-Regiment ni wọ́n ń jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di Grenadier-Regiment. Ẹni tó bá ń fi orúkọ àtijọ́ wá inú ìwé 1944 á wá a tì.

Bundesarchiv, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Jámánì, ní Freiburg ni iṣẹ́ wà gan-an. RH 26 ni àmì ìwé àwọn dífíṣọ̀n. Ẹ fi nọ́ńbà kún un, RH 26-71. Ẹ̀dà tí àwọn ará Amẹ́ríkà yà sórí fíìmù wà ní National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, lábẹ́ àmì T-315. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ojoojúmọ́ Ia, ẹ̀ka ọ́fíìsì dífíṣọ̀n tó jẹ́ ti ìjà. Ib jẹ́ ti ìpèsè, Ic ti ìròyìn nípa ọ̀tá. Ẹ má fo àfikún ẹ̀yìn ìwé o, ibẹ̀ ni máàpù àti àṣẹ máa ń wà. Bí ìwé dífíṣọ̀n bá já lójijì, bó ṣe sábà máa ń rí fún èyí tí ọ̀tá ká mọ́, ẹ gòkè lọ sí ti Armeekorps (àkójọ dífíṣọ̀n mélòó kan) tó ń darí rẹ̀, RH 24, tàbí ti Armee tó wà lókè rẹ̀, RH 20.

Ẹ ṣọ́ra fún iye ènìyàn. Verpflegungsstärke ka gbogbo ẹni tó ń jẹun níbẹ̀, títí kan alásè àti olùtọ́jú ẹṣin; àwọn tó ń jà nìkan ni Gefechtsstärke kà. Ẹni tó bá mú ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Ajé, tó mú èkejì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á rò pé ìdajì wọn kú mọ́jú.

Ìtàn tí àwọn ológun náà kọ fúnra wọn lẹ́yìn ogun wúlò fún orúkọ àti ọ̀nà tí wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n sábà máa ń fo pípa ẹlẹ́wọ̀n àti ará ìlú. Ẹ yẹ ìròyìn Ic wò. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé àwọn pa ajagun inú igbó 70, tí ìbọn tí wọ́n gbà kò sì ju 3 lọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará abúlé lásán. Ẹ mú ọjọ́ àti orúkọ abúlé náà, kí ẹ fi wá fáìlì ìwádìí ìwà ọ̀daràn ìjọba Nazi ní Ludwigsburg, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ ní 1958.