Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ṣíṣàkóso sáfà orí ràákì àti àgbájọ sáfà

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni ó ra irinṣẹ́ ìṣàkóso sáfà tí owó rẹ̀ kò kéré, tí wọ́n sì ń sanwó iṣẹ́ àtìlẹ́yìn lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òru ọjọ́ tí wàhálà bá dé gan-an ni wọn yóò tó mọ̀ pé irinṣẹ́ náà kò ṣeé ṣí. Kì í ṣe pé irinṣẹ́ ọ̀hún kò dára. Orí ohun tí ó yẹ kí ó gbà là ni wọ́n gbé e kà, nítorí náà, bí ìyẹn ṣe wó ni òun náà bá a wó. Okùn tí a fẹ́ fi fa ẹni tí ó jìn sí kànga, òkè ni a ń ká a sí, kì í ṣe inú kànga.

Lára páátákó ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà orí ràákì ni kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí à ń pè ní BMC. Dell ń pe tirẹ̀ ní iDRAC, HPE sì ń pe tirẹ̀ ní iLO. Bí sáfà tilẹ̀ wà ní pípa, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń wọ inú rẹ̀, BMC kì í sùn: láti ọ̀nà jíjìn, a lè fi tan sáfà, kí a fi pa á, kí a sì fi wo ohun tí ó wà lójú rẹ̀ bí ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí wọ́n ki wáyà BMC bọ inú switch (àpótí tí ó ń so àwọn ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kan náà tí dátà àwọn oníbàárà ń gbà kọjá. Bí switch yẹn bá kú, sáfà lọ, ọ̀nà àtidé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àṣẹ kan tí wọ́n pa lásìkò iṣẹ́ àtúnṣe déédéé gé àwọn ilé sáfà Facebook kúrò lára ara wọn, ojúlé náà sì pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bíi wákàtí 6. Lára ohun tí ó jẹ́ kí ó pẹ́ ni pé àwọn irinṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà ìbá fi tún un ṣe wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ó sì di dandan kí wọ́n rán ènìyàn lọ sí ilé sáfà. Ẹ fún BMC ní switch tirẹ̀, kí ẹ sì fún switch náà ní ọ̀nà mìíràn tí ó gbà jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ kò wúwo. Èyí tí kò wọ́n tó o.

Àwọn mìíràn gbọ́ èyí tán, wọ́n wá gbé BMC sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì kí ó lè rọrùn láti dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. IPMI, ìlànà tí ọ̀pọ̀ BMC ń tẹ̀lé, ti wà láti ọdún 1998, ẹ̀yà 2.0 rẹ̀ sì ní àbùkù kan tí kò ní àtúnṣe nítorí pé inú ìlànà náà fúnra rẹ̀ ni ó wà: ẹni tí ó bá ti mọ orúkọ aṣàmúlò kan lè béèrè fún hash ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ (àmì tí a yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà sí) kí ó tó wọlé rárá, kí ó sì lọ jókòó sílé rẹ̀ máa tú u. Redfish, ìlànà tuntun fún iṣẹ́ kan náà tí àjọ DMTF gbé jáde ní ọdún 2015, ń lo HTTPS, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí a tì pa. Bí sáfà yín bá ní in, òun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì pa IPMI orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí nǹkan kan kò bá nílò rẹ̀ mọ́.

Ti irinṣẹ́ ìṣọ́ kò gùn. Mo ti jí rí ní òwúrọ̀ kan tí kò sí ìkìlọ̀ kankan lórí fóònù mi, tí inú mi sì dùn, láìmọ̀ pé àgbájọ sáfà (cluster, ìyẹn àwọn sáfà tí ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan) ti kú láti òru, àti pé orí rẹ̀ ni irinṣẹ́ tí ìbá kìlọ̀ fún mi wà. Láti ọjọ́ náà, ibòmíràn ni mo ń gbé e sí, mo sì ń mú kí ó máa fi ìròyìn “mo wà láàyè” ránṣẹ́, kí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè di ìkìlọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni ti àgbájọ. Kí àgbájọ tó lè ṣiṣẹ́, àwọn sáfà tí ó ń rí ara wọn gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. Sáfà 3 nílò 2, sáfà 4 nílò 3. Ẹni tí ó fi ẹ̀kẹrin kún un ti náwó, síbẹ̀ ẹyọ kan péré náà ni ó ṣì lè kú kí iṣẹ́ má dúró. Àwọn tí ó ní sáfà 2 máa ń fi ẹlẹ́rìí kan (ìbò kẹta) kún un tí yóò dá ẹjọ́, wọ́n á sì wá gbé ẹlẹ́rìí náà sórí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí ìyẹn bá kú, ẹlẹ́rìí bá a lọ, èyí tí ó kù kò sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́.

Bákan náà ni ti pípa sáfà tí kò dáhùn mọ́ kí òmíràn tó gba iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí Pacemaker, sọ́fítíwia tí ó ń darí àgbájọ, ń pè ní STONITH. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ stonith-enabled=false (ìyẹn ni pé kí ó má ṣiṣẹ́) kí ìkìlọ̀ lè dákẹ́, wọ́n a sì fi ara wọn sínú ewu pé kí sáfà méjì máa kọ dátà sí ibì kan náà. Àwọn tí kò pa STONITH náà gan-an ń gbé e lé BMC nìkan lórí. Ẹ wò ó dáadáa: bí iná bá lọ pátápátá lára sáfà, BMC rẹ̀ kò ní lè dáhùn, àgbájọ kò ní mọ̀ bóyá ó ti kú, yóò sì máa dúró. Ẹ fi PDU (ẹ̀rọ tí ó ń pín iná fún àwọn sáfà inú ràákì) tí a lè pàṣẹ fún láti ọ̀nà jíjìn ṣe ọ̀nà kejì.

Bí a ti dárúkọ iná, ẹ lọ sẹ́yìn ràákì yín kí ẹ fi ọwọ́ tọ wáyà. Mo ti tọ ọ́ rí, mo bá sáfà tí ó ní power supply (ẹ̀yà tí ó ń gba iná wọlé) méjì, wáyà méjèèjì sì wà nínú PDU kan ṣoṣo, torí pé èyí tí wọ́n rà kò gùn dé òdìkejì. Bí ó bá tilẹ̀ dé PDU méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń gbé ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ, bí ọ̀kan bá ti já, ẹrù rẹ̀ yóò já èkejì.

Ní ti iṣẹ́ àtìlẹ́yìn, ẹ má ṣe ka “wákàtí 4” inú ìwé àdéhùn sí pé sáfà yóò ti bọ̀ sípò ní wákàtí 4. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, àsìkò tí ènìyàn tàbí ẹ̀yà ẹ̀rọ yóò fi dé ni wọ́n ń sọ, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá sì ti gbà pé ẹ̀yà náà ti bàjẹ́ ni kíkà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní log BMC (àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí sáfà) lọ́wọ́ nígbà tí ó pè yóò fi wákàtí púpọ̀ ṣe àríyànjiyàn. Ẹ má sì fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn sáfà, nọ́ńbà àdéhùn àti ọ̀rọ̀ aṣínà BMC pamọ́ sórí àgbájọ náà nìkan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ ẹni tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kọ́ ni àkáǹtì iṣẹ́ àtìlẹ́yìn náà ṣì ń jẹ́.